Oúnjẹ ọjọ́ ìjà: ẹ wo aago kí ẹ tó wo ìkòkò

Ẹni tó máa wọ ríìǹgì ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tó sì jókòó ti abọ́ láfún ńlá ní aago méjì ààbọ̀, ìyà tó máa jẹ ẹ́ kò kan bí láfún náà ṣe dùn tó. Oúnjẹ ọ̀hún ṣì máa wà nínú ikùn rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kan án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ ní ìhà. Tí ara bá ń ṣiṣẹ́ líle, ẹ̀jẹ̀ máa ń fi ìfun sílẹ̀ lọ bá iṣan. Oúnjẹ kò ní í tètè dà, inú á wú, èébì á sì máa gbé e, tòun ti ohun tí wọ́n fi bo eyín lẹ́nu.

Agbára tí abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò fi ń jà lónìí, àná àti ìjẹta ló ti jẹ ẹ́. Ara máa ń kó ṣúgà inú oúnjẹ pamọ́ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀. Tiinú iṣan kì í lọ nígbà tí èèyàn bá ń sùn, tiinú ẹ̀dọ̀ ló máa ń fà wálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Iṣẹ́ oúnjẹ ọjọ́ ìjà kò wá pọ̀: kó dá ti ẹ̀dọ̀ padà, kó lé ebi lọ, kó má sì dá wàhálà sílẹ̀ nínú ikùn. Ẹni tó bá ń wá oúnjẹ tó máa sọ ọmọ di kìnnìún láàárín wákàtí méjì ti pẹ́ dé.

Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí wúlò fún ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ìjàkadì, júdò, taekwondo àti kickboxing. Ọmọ tó wọn 60 kílò ni mo fi ṣe ìṣirò. Tí tiyín bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, ẹ fi kún un. Tó bá fúyẹ́, ẹ dín in kù.

1. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n máa gun òṣùwọ̀n

Eré kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Nínú ẹ̀ṣẹ́ àwọn tí kò tíì di akọ́ṣẹ́mọṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ ìjà gan-an ni wọ́n ń gun òṣùwọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìjàkadì. Ní ti júdò àti taekwondo, ọjọ́ tó ṣáájú ni. Àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ abẹ̀ṣẹ́kùúbíòjò náà, ọjọ́ tó ṣáájú ni lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn ìdíje àdúgbò lè ní òfin tiwọn, nítorí náà ẹ pe àwọn tó ṣètò rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè. Kí ẹ wá kọ aago méjì sórí bébà: aago òṣùwọ̀n àti aago ìjà. Àárín méjèèjì ni gbogbo oúnjẹ ọjọ́ náà máa wà.

Kí a tó kúrò níbí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò lè fò. Àwọn ọmọ kan máa ń wọ ọ̀rá sábẹ́ ẹ̀wù, wọ́n á máa sáré nínú oòrùn ọ̀sán, omi ò ní kan ẹnu wọn, kí wọ́n lè bọ́ sí kíláàsì tó kéré sí ti ara wọn. Ní ìparí ọdún 1997, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ja ìjàkadì ní yunifásítì Amẹ́ríkà ló kú láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún nítorí irú nǹkan báyìí. Ní 2015, ọmọ Ṣáínà kan, Yang Jianbing, kú ní Manila kó tó ja ìjà tó tìtorí ẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá ní láti fi òùngbẹ lé kílò mẹ́ta kúrò lára lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, kíláàsì yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jà nínú èyí tó tẹ̀lé e.

2. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Alẹ́ yìí gan-an ni láfún Ẹ̀gbá láyè. Ẹ̀gẹ́ ni, agbára ló kún inú rẹ̀, kò ní háhá púpọ̀. Ewédú kò ní òróró, pánlá tàbí adìẹ tí wọ́n ti bó awọ rẹ̀ sì máa ń tètè dà. Ẹ dín ata kù, ẹ dín epo kù, ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀ nítorí afẹ́fẹ́ tí ẹ̀wà ń kó sínú èèyàn. Kó jẹun tán ní nǹkan bí aago mẹ́jọ, kó lọ sùn.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé àárọ̀ ọ̀la ló máa gun òṣùwọ̀n, tó sì ti fẹ́ẹ̀ kan òkè kíláàsì rẹ̀, láfún á di ìṣòro. Òkèlè máa ń gbé omi púpọ̀ dání, omi yẹn sì ní ìwúwo. Abọ́ láfún kan pẹ̀lú ọbẹ̀ ewédú lè sún abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n kọjá ibi tí ẹ fẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìrẹsì funfun díẹ̀ pẹ̀lú ẹyin sísè méjì sàn jù.

Ilé ni kó ti jẹun lálẹ́ yìí. Mi ò ní ìjà kankan pẹ̀lú àwọn olóúnjẹ Pànṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta níbí, èmi náà ń ra níbẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rírun kan ṣoṣo lóru ti tó láti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́. Nítorí ìdí kan náà, ohun tí ọmọ kò jẹ rí, kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lálẹ́ yìí, ì báà jẹ́ pé ó rí i lọ́wọ́ akọni kan lórí Instagram.

3. Bó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òṣùwọ̀n, omi ló kàn

Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń sáré láti orí òṣùwọ̀n lọ síbi búrẹ́dì. Omi ni kó kọ́kọ́ mu. Tó bá ti pàdánù omi ara láti lè wọ kíláàsì, omi lásán nìkan kò tó, nítorí ìtọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ máa bá lọ. Iyọ̀ ló máa ń di omi mú nínú ara, ṣúgà díẹ̀ ló sì ń jẹ́ kí ìfun tètè fà á. Àpò-ìdì ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì, dára gan-an. Ẹ po odindi ìdì kan mọ́ iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ má ṣe fojú bù ú. Tí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ kan. Ṣíbí tí ẹ ti gé orí rẹ̀ ni mò ń wí, kì í ṣe èyí tó ga bí òkè. Ẹ tọ́ ọ wò: tó bá ti korò níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù kí ẹ tún òmíràn pò.

Kílò kọ̀ọ̀kan tó pàdánù, lítà kan àti ìdá mẹ́rin sí lítà kan àti ààbọ̀ ni kó mu dípò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, láàárín wákàtí tó wà nílẹ̀. Kó má ṣe gbé e mu lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé.

Omi àgbọn? Ó dùn, ó sì ní pòtáṣíọ̀mù, àmọ́ iyọ̀ inú rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ kó mu ún lé orí ORS, kó má fi rọ́pò rẹ̀.

Ọmọ tí kò pàdánù omi kankan kò nílò gbogbo èyí. Ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin sí ìjà, kó mu omi bíi 300 sí 420 mílílítà. Omi inú ọ̀rá kan tó jẹ́ 50cl ju ìyẹn lọ díẹ̀. Ní wákàtí méjì sí ìjà, kó wo àwọ̀ ìtọ̀ rẹ̀. Tó bá ṣì pọ́n bí tíì, kó tún mu 180 sí 300 mílílítà sí i. Tó bá mọ́ tàbí tó ní àwọ̀ ìyeyè rẹ́súrẹ́sú bí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí a bu omi là, ó ti tó.

4. Oúnjẹ gidi: wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí agogo tó dún

Ibí yìí ni ilé pẹ̀lú jíìmù ti máa ń bára wọn fà á. Ìyá ọmọ á dé pẹ̀lú kúlà. "Ẹ̀yin kóòṣì, ṣé ebi lẹ fẹ́ fi pa ọmọ mi ni? Ọmọ tó ń lọ jà, ẹ ní kó jẹ ìrẹsì ìwọ̀nba bẹ́ẹ̀?" Kóòṣì tó gbọ́n kì í bá wọn jiyàn. Á dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ẹ bá wa tọ́jú ẹran yẹn di alẹ́." Ó dùn mọ́ ìyá, ó sì gba ikùn ọmọ là.

Ìṣirò náà rèé. Lásìkò yìí, gíráàmù kan sí mẹ́rin oúnjẹ afúnnilágbára (carbohydrate) fún kílò ara kọ̀ọ̀kan ni àwọn onímọ̀ oúnjẹ eléré ìdárayá máa ń dámọ̀ràn fún wákàtí kan sí mẹ́rin ṣáájú eré. Bí àsìkò bá ṣe jìnnà sí ìjà tó ni ó ṣe lè pọ̀ tó. Èmi fara mọ́ gíráàmù méjì fún ẹni tí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ ṣì wà níwájú rẹ̀. Fún ọmọ 60 kílò, 120 gíráàmù nìyẹn. Báwo ló ṣe máa rí nínú abọ́? Ìrẹsì funfun 100 gíráàmù tí a kò tíì sè, tó máa fẹ̀ di nǹkan bíi 300 tó bá jinná; ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan; oyin ṣíbí ìjẹun kan. Ó tán. Ẹ fi ẹyin sísè méjì tàbí ẹja díẹ̀ tì í, pẹ̀lú ọbẹ̀ tòmátì tí kò ní òróró léfòó. Kí iyọ̀ kan ìrẹsì náà, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tó ti làágùn púpọ̀.

Kí ló dé tí mo fi mú ìrẹsì funfun, tí ọ̀fadà wà nílẹ̀ wa? Ọ̀fadà tí ìlú rẹ̀ wà ní Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, ìrẹsì tí a fẹ́ràn jù! Háhá ara rẹ̀ tí kò bó tán ni ìṣòro. Ohun tó mú kó ṣara lóore ní ọjọ́ mìíràn ló mú kó pẹ́ nínú ikùn lónìí. Ká má tilẹ̀ wá sọ ti ọbẹ̀ ayamáṣe, ata tútù inú epo pupa, pẹ̀lú ẹran inú oríṣiríṣi. Ọ̀rá ló máa ń pẹ́ jù kó tó kúrò nínú ikùn.

Ẹ̀kọ gbígbóná jẹ́ ọ̀rẹ́ gidi fún ọmọ tí ẹ̀rù ìjà kì í jẹ́ kó lè jẹ nǹkan líle, irú wọn sì pọ̀. Ẹ po ṣúgà tàbí oyin sí i. Mílíìkì ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nílẹ̀ wa ni mílíìkì kì í bá inú wọn rẹ́. Èyí tó máa ń mu ún lójoojúmọ́ láìsí ariwo nínú ikùn lè fi díẹ̀ sí i. Àmọ́ àkàrà tó máa ń tẹ̀lé ẹ̀kọ kò lè tẹ̀lé e lónìí: ẹ̀wà ni, òróró ni. Mọ́ínmọ́ín sàn díẹ̀ torí wọn kì í dín in nínú òróró, síbẹ̀ ẹ̀wà náà ṣì ni. Iṣu sísè dára, kí ó má jẹ́ dùndún. Búrẹ́dì funfun dára. Gàárì mímu tí ọ̀pọ̀ ọmọ fẹ́ràn yẹn máa ń wú nínú ikùn, ẹ jẹ́ kó dúró.

Tí ìjà bá bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáànì, tí ọmọ kò sì fẹ́ ṣínu, sààrì di oúnjẹ gidi rẹ̀. Ẹ̀kọ, ìrẹsì, dàbínù, ẹyin, omi púpọ̀ tó níyọ̀ díẹ̀. Kóòṣì tó bá lè bẹ àwọn olùṣètò kí wọ́n sún ìjà rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìṣínu ti ṣe é lóore ju oúnjẹ èyíkéyìí lọ.

5. Wákàtí méjì tó kù

Ohun kékeré tó ní ṣúgà, tí kò ní ọ̀rá, ní wákàtí kan sí méjì kó tó jà: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, tàbí búrẹ́dì funfun pẹlẹbẹ méjì pẹ̀lú oyin, tàbí dàbínù mélòó kan. Oúnjẹ afúnnilágbára tó tó nǹkan bíi 25 gíráàmù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò gba nǹkan kan lè mu omi tí wọ́n po oyin sí. Ìṣẹ́jú ogún tó gbẹ̀yìn, omi lẹ́nu lásán ni, kó máa pọ́n ọn lá.

Láàárín abala kan àti èkejì, kò sí oúnjẹ. Kó yọ ẹnu, kó mu omi ẹnu kan, kó tu ìyókù.

6. Obì, kọfí, àti ohun tí ọ̀rẹ́ máa ń gbé wá

Kaféènì máa ń ran eléré ìdárayá lọ́wọ́ lóòótọ́. WADA, àjọ tó ń gbógun ti lílo oògùn nínú eré ìdárayá, ti yọ ọ́ kúrò nínú ohun èèwọ̀ láti 2004. Nǹkan bíi mílígíráàmù mẹ́ta fún kílò ara kan, wákàtí kan ṣáájú, ni wọ́n sábà ń dámọ̀ràn. Obì ní kaféènì, ṣùgbọ́n ta ló lè sọ iye tó wà nínú awẹ́ kan? Kọfí ṣeé wọ̀n jù. Ọmọ tí kò mu kọfí rí, tó wá mu ún lọ́jọ́ ìjà, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n, ilé ìyàgbẹ́ ni yóò sì wà nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀. Ibi ìdánrawò ni kó ti dán an wò.

Ní ti àwọn ohun tó kù, mi ò ní í fi epo bọ ọ̀rọ̀. Tramadol di èèwọ̀ WADA lásìkò ìdíje láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024. Ó tún máa ń mú kí òòyì kọ́ni, kí èèyàn má sì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ́ ti wọ òun lára. Oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀, bíi Lasix, èèwọ̀ ni nígbàkigbà, ó sì wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ń gbẹ ara wọn. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí láàárọ̀ ọjọ́ ìjà á ṣí inú, á kó omi jáde. Páráǹgà, ọtí ni, ìyókù rẹ̀ ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àgbo tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó wà nínú ìgò rẹ̀, ẹni tó bá mu ún ni ìwé àyẹ̀wò ìtọ̀ máa mú, kì í ṣe ẹni tó sè é.

7. Nígbà tí wọ́n bá sún ìjà síwájú

Ètò tí wọ́n tẹ̀ jáde lè ní aago méjì, kí wọ́n má pe ọmọ yín títí di aago márùn-ún. Ẹni tó ti wà níbi ìdíje rí, yálà ní Kútọ̀ tàbí ní Alake Sports Centre ní Ìjẹ̀jà, mọ̀ pé mi ò parọ́. Àlejò pàtàkì kò tíì dé, dókítà ń bọ̀, iná lọ. Ibí yìí ni ètò oúnjẹ ti sábà ń fọ́, nítorí ọmọ á ti jẹun dáadáa ní aago mọ́kànlá, ebi á sì ti tún dé ní aago mẹ́ta, òórùn súyà á wá máa bọ̀ láti ìta.

Nítorí náà ẹ gbé àpò dání láti ilé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ mẹ́rin, búrẹ́dì, oyin nínú ìgò kékeré, dàbínù, ORS ìdì méjì, omi tí ẹ dá mọ̀. Ní gbogbo wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì tí wọ́n bá fi kún ìdúró, kó jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan tàbí búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan, kó fi omi díẹ̀ tì í. Kóòṣì ni kó di àpò náà mú. Ọmọ tí ojora mú kò mọ ìgbà tó yẹ kó jẹun. Tí inú gbọ̀ngán bá gbóná, tí òógùn sì ti ń bọ́ nígbà tó jókòó lásán, kó máa mu ORS dípò omi lásán.

Tó bá jẹ́ ìdíje tí ọmọ máa ń jà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lójúmọ́, bíi taekwondo, júdò tàbí ìjàkadì, àárín ìjà méjì ló ṣòro jù. Tó bá ku bíi wákàtí kan, ohun mímu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan péré. Tó bá jẹ́ wákàtí méjì sí mẹ́ta, gíráàmù kan oúnjẹ afúnnilágbára fún kílò ara rẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bí 60 fún ọmọ wa yìí. Ẹ̀kọ tútù pẹ̀lú ṣúgà, ìrẹsì díẹ̀, búrẹ́dì pẹ̀lú oyin. Ẹran kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí ìpínlẹ̀ wa gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà ní oṣù karùn-ún 2025, irú ọjọ́ báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníjà tó wá síbẹ̀ ń là kọjá.

8. Lẹ́yìn ìjà

Ẹ wò ó kí ẹ tó bọ́ ọ. Tó bá gba ẹ̀ṣẹ́ lórí, tó wá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tí kò rántí ibi tó wà, tàbí tí oorun tí kò yẹ ń kùn ún, ẹ gbé oúnjẹ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. FMC, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀, wà ní Ìdí-Àbà. Ọtí kò sí fún ẹni tó gba ẹ̀ṣẹ́ lórí lálẹ́ ọjọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló borí.

Tí ara bá dá ṣáṣá, kó kọ́kọ́ mu omi tàbí ORS, kó wá jẹ ohun tó ní agbára àti ohun tó ń tún iṣan ṣe láàárín wákàtí kan sí méjì. Gíráàmù 20 sí 40 purotéènì ti tó. Adìẹ tí ẹran rẹ̀ tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ máa ń kó nǹkan bíi bẹ́ẹ̀. Ibí yìí ni ẹran tí Mọ́mì tọ́jú ti wúlò. Ọ̀fadà náà lè dé wàyí, àmọ́ ẹ wo ètè rẹ̀ kí ẹ tó bu ayamáṣe lé e. Ètè tó bẹ́ àti ata rodo kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ tí kò ta ni kó jẹ di ọ̀la.

Tó bá jẹ́ ìdíje ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n tún máa gun òṣùwọ̀n ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ gbé e lé òṣùwọ̀n tiyín lálẹ́ yẹn kí ẹ tó bu oúnjẹ. Mílílítà 500 omi, ààbọ̀ kílò ni lórí òṣùwọ̀n, oúnjẹ inú abọ́ náà ní ìwúwo tirẹ̀. Apá kan nínú rẹ̀ á bá òógùn àti ìtọ̀ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí tó bá kù ni ẹ máa bá lórí òṣùwọ̀n láàárọ̀.